Kí a tó ki púlọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì gáréèjì ilé tuntun

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́sẹ̀ yìí jáde láti inú Físíìsì tí a ń kọ́ ní SS2, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìdánwò nìkan. Ti ilé ni. Ó jẹ mọ́ bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ bóyá wáyà iná inú gáréèjì ilé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé dára, tàbí ewu ló lúgọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú gáréèjì tí mo ń sọ. Kì í ṣe gáréèjì tí a ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó tàbí Òṣogbo o. Yàrá tí wọ́n kọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé fún mọ́tò ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé níbí, mọ́tò gan-an kì í dé ibẹ̀. Ibẹ̀ la ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí, ibẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù máa ń wà, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, ibẹ̀ ni fíríísà, ibẹ̀ náà ni àwọn kan ti ń lọ aṣọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó léwu ju pálọ̀ lọ: irin, omi, epo àti iná pàdé lójú kan ṣoṣo.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé a kó lọ sí ilé mìíràn ní ìsinmi tó kọjá. Màmá mi ń ta omi tútù àti yìnyín, inú gáréèjì ilé náà ló sì fẹ́ gbé fíríísà rẹ̀ méjèèjì sí. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, ló máa ń bá a ṣí fíríísà fún oníbàárà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, lórí sìmẹ́ńtì tó tutù. Bàbá mi ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki nǹkan kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ títí oníṣẹ́ iná yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí oníṣẹ́ iná dé, mo mú ìwé àti bírò, mo tẹ̀ lé e. Ohun tí mo rí, àti ohun tí Físíìsì wa fi yé mi nípa rẹ̀, ni mo tò sísàlẹ̀ yìí.

Òfin àkọ́kọ́: ojú ni tiwa, ọwọ́ ni ti oníṣẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́ kì í tú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ki ṣìkìrùdíráfà bọ inú bọ́ọ̀dù iná. Ẹ má sọ pé "NEPA ti mú iná lọ." NEPA tó mú un lọ lè mú un dé nígbà tí ọwọ́ ènìyàn ṣì wà lára wáyà, gbogbo wa la sì mọ bó ṣe máa ń dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni ká wò, ká gbóòórùn, ká tẹ́tí, ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká sì sọ fún àgbà. Ìyẹn nìkan tó láti gba ẹ̀mí là.

Orúkọ kan, iná méjì

Àwa Yorùbá ń pe èyí tó ń jó igi ní iná, a sì ń pe èyí tó ń tan gílóòbù ní iná. Kò burú, nítorí pé èkejì lè di èkínní. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Wáyà kọ̀ọ̀kan ní ìdènà tirẹ̀. Georg Ohm, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló tẹ ìwé jáde ní 1827 nípa bí fóltéèjì, ìṣàn iná àti ìdènà ṣe bá ara wọn tan: V = IR. Nígbà tí iná bá ń la inú ìdènà kọjá, ooru ń jáde. Ìwọ̀n ooru náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni I²R. Ẹ wo I yẹn dáadáa, ìlọ́po ara rẹ̀ la fi ń ṣírò. Bí ìṣàn iná bá di ìlọ́po méjì, ooru kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dì. Bó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru á di ìlọ́po mẹ́sàn-án.

Ká ní ojú ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ kò dì dáadáa, tí ìdènà ibẹ̀ jẹ́ 0.5 Ω. Bí 10 A bá ń gba ibẹ̀ kọjá, ooru rẹ̀ jẹ́ 10 × 10 × 0.5, ìyẹn 50 W. Kò jìnnà sí gílóòbù 60 W àtijọ́ tó máa ń jó ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ wá gbé ooru gílóòbù yẹn sínú ike sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré, kí ó wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru nítorí pé fíríísà kì í sinmi. Ike á rọ̀, á dúdú, á sì gbiná. Ṣé ẹ rí i báyìí bí iná ṣe ń bí iná?

Ohun tí ojú, imú àti etí lè rí

Oníṣẹ́ iná tó wá sílé wa kò kọ́kọ́ mú irinṣẹ́ kankan jáde. Ó dúró láàárín gáréèjì, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo ògiri. Mo bi í pé kí ló ń wá. Ó ní, "Ògiri máa ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni ẹ kì í dúró gbọ́." Àwọn nǹkan tó tọ́ka sí fún mi nìyí:

Èkíní, ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti pọ́n bí ìgbà tí èéfín bà á, tàbí tí dúdú wà ní ẹnu ihò rẹ̀, ooru ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bó bá sán, tó mì, tàbí tó jáde kúrò lára ògiri, ẹ má lò ó.

Èkejì, wáyà tó wà níta páìpù. Wáyà inú ilé gbọ́dọ̀ wà nínú páìpù tàbí ohun tó bò ó. Èyí tó rọ̀ kalẹ̀ láti àjà, tàbí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri pẹ̀lú ìṣó, kò dáa. Èkúté fẹ́ràn rẹ̀, ó máa ń gé ike rẹ̀ jẹ, bàbà inú rẹ̀ á sì wà níhòòhò.

Ẹ̀kẹta, ibi ìsopọ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti fi ọ̀rá omi tàbí sẹ́lótéèpù wé wáyà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kíá. Kì í ṣe ohun tí a fi ń wé wáyà nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin, òórùn. Ike tó ń gbóná jù máa ń rùn bí ike tó ń jó, nígbà mìíràn á tilẹ̀ dà bí ẹja tó ń jóná. Bí òórùn yẹn bá jáde níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń se ẹja, ẹ pe àgbà kó pa iná náà láti bọ́ọ̀dù.

Ẹ̀karùn-ún, ariwo. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí súwíìṣì tó ń ta ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́ bí ẹni ń dín nǹkan, iná ló ń fò láti ibi kan sí ibì kan nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, gílóòbù. Bí gílóòbù bá kàn ṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí fíríísà tàbí ẹ̀rọ omi bá bẹ̀rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ tuntun, nítorí pé mọ́tò inú wọn máa ń fa iná púpọ̀ nígbà tó bá ń dìde. Ṣùgbọ́n bí gílóòbù bá ṣókùnkùn tí kò padà, tàbí tó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lójijì, wáyà kan ti tú níbìkan. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù burú ju òkùnkùn lọ. Bí wáyà neutral bá já ní ilé tó ń lo ipa iná mẹ́ta, nǹkan tó yẹ kó gba 230 V lè máa gba iye tó sún mọ́ 400 V. Òun ló máa ń jó tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì gbogbo ará ilé lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ má fi àwọ̀ wáyà búra

Nínú ìwé wa, live ní àwọ̀ tirẹ̀, neutral ní tirẹ̀, earth ní tirẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìlànà méjì ló wà nílùú. Ní ilé àtijọ́, pupa ni live, dúdú ni neutral, earth sì jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ewé tí a fi yẹ́lò là. Ní ìlànà tuntun, àwọ̀ ilẹ̀ tó dà bíi kòkó ni live, búlúù ni neutral, àwọ̀ ewé àti yẹ́lò ni earth. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti jogún sọ́kẹ́ẹ̀tì onítò mẹ́ta wa, bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlànà tuntun yìí fún wáyà inú ilé ní 2004.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni ilé tó ń lo ipa iná mẹ́ta. Ní ìlànà àtijọ́, pupa, yẹ́lò àti búlúù ni live mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dúdú ni neutral. Ní ìlànà tuntun, àwọ̀ kòkó, dúdú àti àwọ̀ eérú ni live, búlúù ni neutral. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn: búlúù tó jẹ́ live lánàá ti di neutral lónìí, dúdú tó jẹ́ neutral ti di live. Ẹni tó bá fi àwọ̀ nìkan ṣiṣẹ́ nínú ilé tí wọ́n kọ́ apá kan rẹ̀ láyé àtijọ́, tí wọ́n sì fi gáréèjì kún un lẹ́yìn náà, ń fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́.

Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ náà fi ń lo ẹ̀rọ ìdánwò. Mo ṣàkíyèsí pé ó kọ́kọ́ dán an wò níbi tó mọ̀ dájú pé iná wà, lẹ́yìn náà ló dán ibi tó fẹ́ fọwọ́ kàn wò, ó sì tún padà síbi àkọ́kọ́. Mo ní kí ló dé tí ó fi ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní bí ẹ̀rọ náà bá ti kú, kò ní tàn níbikíbi, ènìyàn á sì rò pé iná ló kú. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n kan náà là ń lò ní lábù wa? Ká mọ̀ pé ohun èlò wa dáa ká tó gba ohun tó sọ gbọ́.

Wáyà tínínrín, ẹrù wúwo

Lára wáyà ni wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n rẹ̀ sí. 1.5 mm² ni a máa ń lò fún gílóòbù, 2.5 mm² fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 mm² tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ohun tó ń jẹ iná gan-an bí ẹ̀rọ amúlétutù. Bí wáyà bá ti nípọn tó ni ìdènà rẹ̀ ń dínkù tó. Nínú páìpù, nínú ooru ilẹ̀ wa, 1.5 mm² lè gbé nǹkan bíi 15 A láìgbóná jù, 2.5 mm² lè gbé nǹkan bíi 20 A.

Ní gáréèjì wa, orí wáyà gílóòbù ni ẹnì kan ti so sọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì mọ́. 1.5 mm² ni. Ẹ wá bá mi ṣírò ohun tí ìdílé wa fẹ́ lò níbẹ̀:

Fíríísà méjì, 200 W ọ̀kọ̀ọ̀kan: 400 W
Ẹ̀rọ tó ń fa omi, agbára ẹṣin 1: 746 W
Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ: 1,000 W
Kẹ́tùlù tí a fi ń se omi gbígbóná: 2,000 W

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,146 W. A mọ̀ pé P = VI, nítorí náà I = 4,146 ÷ 230, ìyẹn 18 A. Wáyà tó lè gbé 15 A là fẹ́ di ẹrù 18 A lé lórí, a ò sì tíì ka iná púpọ̀ tí mọ́tò fíríísà ń fà nígbà tó bá ń dìde.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Bírékà wà ńbẹ̀, á já." Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ béèrè ìwọ̀n bírékà náà. Iṣẹ́ bírékà ni láti dáàbò bo wáyà. Ó gbọ́dọ̀ já kí wáyà tó gbóná jù. Lórí ìlà gílóòbù wa, bírékà 32 A ni oníṣẹ́ iná bá níbẹ̀. Ó jọ pé kékeré tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń já lójoojúmọ́, wọ́n wá fi ńlá rọ́pò rẹ̀ kí ó má baà yọ wọ́n lẹ́nu mọ́. Ìyẹn ni pé wáyà tí kò gbọdọ̀ gbé ju 15 A lọ lè gbé 25 A tàbí 30 A lọ gbére, bírékà á máa wò ó níran. Bí bírékà bá ń já ní ilé yín, ìròyìn ló ń mú wá. Ẹ má pa oníròyìn.

Wáyà kẹta tí kò sí

Èyí ló bà mí lẹ́rù jù. Oníṣẹ́ iná tú sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó pa iná, wáyà méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Ihò mẹ́ta lójú, wáyà méjì nínú. Kò sí earth.

Fíríísà á ṣiṣẹ́ láìsí earth o. Gílóòbù á tàn. Áyọ́ọ̀nù á gbóná. Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn, nítorí pé ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan ni iṣẹ́ earth máa ń hàn. Ká ní ike wáyà live inú fíríísà ti bó, tó wá fara kan agbada rẹ̀ tó jẹ́ irin. Bí earth bá wà, iná á gba ibẹ̀ lọ sínú ilẹ̀. Bí kò bá sí, irin náà á kàn dúró pẹ̀lú 230 V lára, á máa retí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án.

Ara ènìyàn tó tutù ní ìdènà tó lè tó 1,000 Ω. 230 ÷ 1,000 jẹ́ 0.23 A. Ìwọ̀n yẹn kéré lójú bírékà 20 A, kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tó láti da lílù ọkàn ènìyàn rú. Kódà ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀ lè mú kí iṣan ọwọ́ di ohun tó mú pinpin, kí ẹni náà má lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo ṣe ìṣirò yìí ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì ń ro ọwọ́ kékeré àbúrò mi lórí fíríísà yẹn. Kì í ṣe Físíìsì ìdánwò mọ́.

Ẹ lọ sẹ́yìn ilé yín, kí ẹ wò bóyá ẹ máa rí ọ̀pá bàbà tí wọ́n gbá mọ́ ilẹ̀, tí wáyà aláwọ̀ ewé so mọ́ orí rẹ̀. Òun ni earth ilé yín. Ó máa ń wà nínú ihò kékeré tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì yí ká. Bí wáyà náà bá ti já tàbí tó ti dógùn-ún, ẹ sọ fún àwọn òbí yín. Nígbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ bá gbẹ, ìdènà ilẹ̀ máa ń pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ fi máa ń da èédú àti iyọ̀ sí ìdí ọ̀pá náà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wa ní ìlẹ̀kùn kékeré nínú, ẹsẹ̀ gígùn tó wà lókè púlọ́ọ̀gì ló ń ṣí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ki ìdérí bírò bọ ihò òkè kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń fipá ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi dáàbò bo ọmọdé.

Ẹ̀ṣọ́ tó ń ka owó wọlé, ka owó jáde

Earth nìkan kò tó. Bí ìdènà ilẹ̀ bá jẹ́ 10 Ω, ìṣàn iná tó máa gba earth lọ jẹ́ 230 ÷ 10, ìyẹn 23 A. Bírékà 20 A lè pẹ́ gan-an kó tó já lórí 23 A. Nítorí náà ni wọ́n fi ṣe ohun tí à ń pè ní RCD. Ó ń wo iye iná tó gba live lọ àti iye tó gba neutral padà. Bí méjèèjì bá dọ́gba, kò sí ìjà. Bí iye tó padà bá dín, ó túmọ̀ sí pé díẹ̀ ti gba ibòmíràn lọ, bóyá ara ènìyàn. RCD 30 mA máa ń já nígbà tí ìyàtọ̀ náà bá tó 30 mA, ìyẹn 0.03 A, láàárín ìdá kan nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bọ́tìnì kékeré kan wà lójú rẹ̀ tí wọ́n kọ T sí. Àgbà ilé lè tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù. Bí kò bá já, ó ti kú.

Jẹnẹrétọ̀, epo àti èéfín

Lára ìṣó kan ní gáréèjì wa, a bá wáyà kan tó ní púlọ́ọ̀gì lórí méjèèjì. Ẹni tó gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi í sílẹ̀. Wọ́n máa ń ki orí kan bọ jẹnẹrétọ̀, wọ́n á ki èkejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri kí gbogbo ilé lè ní iná. Bí orí kan bá yọ, irin ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì yẹn á wà níta pẹ̀lú 230 V lára. Ìyẹn nìkan kọ́. Bí wọ́n bá gbàgbé láti pa súwíìṣì ńlá, iná jẹnẹrétọ̀ á jáde sójú títì, á dé ọ̀dọ̀ tiransífọ́mà. Tiransífọ́mà tó ń sọ 11,000 V di 415 V fún àdúgbò lè ṣiṣẹ́ sẹ́yìn pẹ̀lú, á sọ kékeré di ńlá, ní nǹkan bí ìlọ́po 26. Òṣìṣẹ́ tó gun òpó nítorí pé "iná ti lọ" lè bá ikú pàdé lókè. Changeover ni ojútùú rẹ̀, nítorí pé kì í jẹ́ kí iná ìta àti iná jẹnẹrétọ̀ wà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá mi gé wáyà olórí méjì yẹn sí wẹ́wẹ́ lójú wa.

Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì, kódà bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Èéfín carbon monoxide rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń wọ inú ilé lọ bá ẹni tó ń sùn. Ìta gbangba ni kó wà, jìnnà sí fèrèsé. Ní ti epo bẹntiróòlù, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀gbọ̀kú sí. Iná kékeré tó bá ṣẹ́ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí ilẹ̀ tó láti gbiná. Ẹ jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì epo wà níbòmíràn, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì gáréèjì sì ga kúrò nílẹ̀, kó jìnnà sí ibi tí omi ń ta sí.

Bí ó ṣe parí pẹ̀lú onílé

Nígbà tí bàbá mi mú ìwé tí mo kọ lọ bá bàbá onílé, bàbá onílé ní, "Bàbá Ìyanu, ẹni tó gbé ibẹ̀ kí ẹ tó dé lo ọdún mẹ́ta, iná kò ṣe é ní nǹkan kan." Bàbá mi ní, "Ẹ kú ìtọ́jú ilé, sà. Ẹni yẹn kò ní fíríísà níbẹ̀, kò sì ní ọmọ kékeré. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o." Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé oníṣẹ́ iná mú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti dúdú lẹ́yìn wá, ó gbé e sórí tábìlì níwájú bàbá onílé. Wọ́n fẹnu kò pé onílé á ra ohun èlò, bàbá mi á san owó iṣẹ́.

Wọ́n fa ìlà tuntun méjì wá láti bọ́ọ̀dù, 2.5 mm² ni, bírékà 20 A lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún fíríísà, ọ̀kan fún ẹ̀rọ omi. Kẹ́tùlù àti áyọ́ọ̀nù padà sínú ilé. Wọ́n fa earth dé gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbá ọ̀pá tuntun mọ́lẹ̀, wọ́n fi RCD 30 mA àti changeover sí i, wọ́n sì dá bírékà 10 A padà sórí gílóòbù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni màmá mi kò fi ta nǹkan kan. Inú rẹ̀ kò dùn, ẹ má jẹ́ kí n parọ́, nítorí pé oníbàárà ń gba iwájú ilé wa kọjá lọ sí ìsọ̀ kejì. Ní ọjọ́ kẹwàá, àbúrò mi ṣí fíríísà, ó fún oníbàárà lómi, bàtà rọ́bà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni òfin tuntun tí màmá mi fi lélẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ pe oníṣẹ́ iná, kó béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní àjọ kan, NEMSA, tí òfin 2015 gbé kalẹ̀, iṣẹ́ wọn ni láti yẹ iṣẹ́ iná wò kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lù ú.

Bí iná bá ti mú ènìyàn

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pa súwíìṣì ńlá ní bọ́ọ̀dù. Bí kò bá ṣeé pa, kí àgbà dúró lórí ohun gbígbẹ, kó fi igi gbígbẹ tì í kúrò lára wáyà. Ẹ pe 112. Bí ohun tó ń lo iná bá ń jó, ẹ má da omi sí i. Ẹ pa iná, kí ẹ lo yanrìn tàbí ẹ̀rọ panápaná oníyẹ̀fun.

Ìdánrawò

1. Fíríísà 200 W méjì, áyọ́ọ̀nù 1,000 W àti kẹ́tùlù 2,000 W wà lórí ẹ́sítẹ́nṣọ̀n kan tí fíúùsì rẹ̀ jẹ́ 13 A. Áńpíà mélòó ni wọ́n ń fà ní 230 V? Kí ló máa ṣẹlẹ̀?
2. Ìdènà ibi ìsopọ̀ kan jẹ́ 0.2 Ω. Ooru mélòó ló ń jáde níbẹ̀ bí 15 A bá ń kọjá?
3. Kí ló dé tí fíríísà fi ń ṣiṣẹ́ láìsí earth, síbẹ̀ tí a fi ní kò gbọdọ̀ wà bẹ́ẹ̀?
4. Ọ̀rẹ́ rẹ ní kí a fi bírékà 40 A rọ́pò 20 A nítorí pé ó ń já lóòrèkóòrè. Kọ ìdáhùn rẹ fún un ní gbólóhùn mẹ́ta.
5. Wo gáréèjì tàbí ẹ̀yìn ilé yín, láìfọwọ́ kan ohunkóhun. Kọ ohun márùn-ún tí o rí sílẹ̀, kí o sì fi han òbí rẹ kí o tó mú un wá.

Ẹ fi ìdáhùn yín sínú àpótí Press Club tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lábù Físíìsì kó tó di ọjọ́ Jímọ́ tó ń bọ̀. A ó lẹ ojútùú rẹ̀ mọ́ ibí yìí kan náà. Ẹni tó bá rí nǹkan tó burú nílé, kó má dúró de ọjọ́ Jímọ́ o. Kó sọ ọ́ nílé lálẹ́ òní.